Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Gé Ríbọ́ọ̀nù Tán, Ta Ló Ń Ṣílẹ̀kùn?

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Wọ́n á ta kánópì, àwọn oníròyìn á gbé kámẹ́rà dé, ẹni ńlá kan á gé ríbọ́ọ̀nù, àwa náà á ya fọ́tò, a ó sì gbé e sí Instagram. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọlọ́dẹ nìkan ló kù níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti wọ inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá dé ẹnu géètì, wọ́n á ní kí ẹ lọ kọ lẹ́tà wá. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ikán ti dé àjà, àdán ti gba òrùlé, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Èrò tèmi ni pé ilé àtijọ́ kì í kú nítorí pé kò sí owó ọ̀dà. Ohun tó ń pa á ni pé kò sí ẹni tó ń ṣí i. Àwọn tó lè máa ṣí i wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí láti Adó-Èkìtì ni pé ìlú náà ń yára yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí Adó ti di olú ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n ti fẹ ojú ọ̀nà, wọ́n ti kọ́ plaza, ilé epo sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà lọ. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ìlú tí kò dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ á sá fi í sílẹ̀ lọ sí Èkó ni. Ṣùgbọ́n ẹ rin Òkèṣà wọ Ìjìgbò, ẹ gbójú sókè díẹ̀ kúrò lára pátákó POS àti ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ ó rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ayé owó kòkó, àwọn tó ní bákónì, tí fèrèsé wọn jẹ́ pákó, tí páànù wọn ti pọ́n bí ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀. Ìgbà ìsìnkú àti ìgbà Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ jù lọ nípa bí a ṣe lè ṣe é wà ní Èkó, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ná kí a tó padà wálé.

Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ilé alájà kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, lásìkò tí òyìnbó ṣì ń tẹ́ irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. 1896 ni iṣẹ́ irin náà bẹ̀rẹ̀, 1901 ni ó dé Ìbàdàn. Ilé àwọn ọ̀gá ni. Nígbà tí rélùwéè wá dẹnu kọlẹ̀, ilé náà bá a dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó gbé e dìde kì í ṣe mínísítà. Ẹgbẹ́ kan ni, Legacy lorúkọ wọn, tí àwọn èèyàn dá sílẹ̀ ní 1995 nítorí ìfẹ́ ilé àtijọ́ àti àyíká. John Godwin, ayàwòrán ilé tó wá sí Nàìjíríà ní 1954 tí kò sì padà sẹ́yìn mọ́, wà nídìí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n bá Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà sọ̀rọ̀, wọ́n tún ilé náà ṣe, nígbà tó fi di 2010 ó ti di mùsíọ́mù kékeré tí wọ́n kó fọ́tò àti àwọn nǹkan rélùwéè àtijọ́ sí. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ọ́, òṣìṣẹ́ àgbà rélùwéè tó kọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin wa sínú ìwé alápá mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí ẹ fọkàn sí níbẹ̀ ni pé Legacy kọ́ ló ni ilé náà. Rélùwéè ló ni ilẹ̀, rélùwéè ló ni ilé. Ẹgbẹ́ náà kàn gba àyè láti tọ́jú rẹ̀ ni. Wọn kò dúró kí wọ́n tó ra ilé, wọn kò sì dúró kí ìjọba fi wọ́n joyè. Wọ́n rí ilé, wọ́n rí onílé, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká bá yín tọ́jú ẹ̀.” Wọ́n tún ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: wọ́n wá iṣẹ́ fún ilé náà. Ọgbà rẹ̀ lẹ́wà, àwọn èèyàn ń wá síbẹ̀ wá ya fọ́tò, wọ́n ń gbà á fún ayẹyẹ. Ilé tí èèyàn ń wọ̀, tí èèyàn ń jáde níbẹ̀, tètè máa ń sọ ibi tó ń dùn ún.

Ẹ fi ìyẹn wé Ilojo Bar, tó wà nítòsí Tinúbu Square ní Èkó kan náà. Ilé àwọn Àgùdà ni, ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ó sì wá bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá lẹ́yìn náà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Lójú òfin, kò sí ààbò tó ga ju ìyẹn lọ ní Nàìjíríà. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn ará Legacy gan-an ti ń múra bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe kó tó di pé katakata dé.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, inú mi ì bá sì dùn láti sọ fún yín pé òfin tó le ló máa gbà wá. Ilojo Bar kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ìkéde lórí ìwé lè sọ fún onílé pé kó má wó o. Ìkéde kì í bá a ra páànù. Ilé wà láàárín ọjà tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n bíi góòlù, ó ń jò, ó ń ya, ìwé ìjọba sì wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó ti wọ inú ilé náà, tó ń bá àwọn onílé jẹun, tó mọ ìgbà tí sùúrù wọn ń tán, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ti tó láti parí ọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ. Á ní: “Bọ̀ọ̀dá, àwọn ará Legacy yẹn, ayàwòrán ilé ni wọ́n, àwọn olówó Ìkòyí ni wọ́n. Èmi tí mò ń wá iṣẹ́ ní Adó, kí ló kàn mí nínú kí n máa gbá ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó. Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1907 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì ti wà lórí ìwé UNESCO láti 1988. Amọ̀ ni o, òjò sì ń rọ̀ ní Mali. Ohun tó mú un dúró ni pé lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú á jáde wá fi amọ̀ tuntun rẹ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn mọlémọlé, tí wọ́n ń pè ní barey ton, ló ń darí iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á máa sáré gbé amọ̀ nínú agbọ̀n, àwọn ọmọbìnrin á máa pọn omi, àdúgbò á máa bá àdúgbò díje ta ló máa kọ́kọ́ dé ògiri. Ẹ ti rí fọ́tò mọ́ṣáláṣí yẹn rí, àwọn igi tó yọ síta lára ògiri rẹ̀ bí ẹ̀gún. Ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n wà fún. Orí wọn ni àwọn tó ń rẹ́ ilé máa ń gùn. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti mọ̀ pé lọ́dọọdún ni wọ́n máa padà wá, ó ti ṣe àkàsọ̀ mọ́ ọn lára.

Kí ẹ tó ní ti Mali ni ìyẹn, àwọn bàbá wa náà ṣe é. Bí àwọn mìíràn bá ní àáró, tí ẹ̀yin mẹ́rin bá ń ro oko ara yín ní ìyípo, àwa mọ ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú, tí èèyàn á pe ọ̀pọ̀ èrò sí iṣẹ́ kan, tí yóò sì wá oúnjẹ àti ẹmu fún wọn. Ààfin pàápàá, iṣẹ́ ìlú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó kọ odidi ìwé kan lórí ààfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1966. Ààfin àtijọ́ kì í ṣe ilé tí ọba fi owó àpò rẹ̀ kọ́: ará ìlú ló ń mọ ògiri, àwọn ló ń bo òrùlé, tí ewé bá gbó àwọn ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni páànù dé, ìjọba dé, kọngílá dé. A wá kó iṣẹ́ ọwọ́ wa fún ẹni tó ní létà-hẹ́ẹ̀dì.

Nípa ti owó, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru, ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ san owó fún un. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń lo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú láti fi jẹ iṣẹ́ aláìní, ìrẹ́jẹ ni, èmi ò ní bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mò ń sọ ni ti ọ̀sán Sátidé kan láàárín oṣù: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wo àjà, ẹ kó ewé kúrò nínú ìdarí omi, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ sì kí ẹni tó bá wọlé. Èèyàn mẹ́jọ lórí WhatsApp lè pín ìyẹn láàárín ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tì. Àwọn kọ́pà wà lára wa pẹ̀lú, tí wọ́n ní ọjọ́ CDS lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dípò kí wọ́n kàn buwọ́ lu ìwé kí wọ́n sì máa lọ, ilé kan ní àárín ìlú lè gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wà ní EKSU, àwọn tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ wà ní Federal Poly.

Ẹ̀kọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ tí ẹ ò lè rí ní kíláàsì. Ẹ gbọ́ ti símẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa ní Èkìtì, amọ̀ ni ara wọn. Bàbá rí owó kòkó, ó ní kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè dán bí ilé òyìnbó. Símẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀. Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń mí i jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó mí. Bí omi bá gba ojú ibi tó sán wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ inú á máa rọ̀, á máa yìn lábẹ́lẹ̀, ìta á ṣì máa dán. Lọ́jọ́ kan, símẹ́ǹtì á bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí èèpo ìgbín, ògiri á sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó bá wá “tún un ṣe” pẹ̀lú símẹ́ǹtì tuntun tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ń fi fìlà tuntun dé aláìsàn lórí ni. Ẹni tó ń wọ ilé yẹn lóṣooṣù á ti kan ògiri, á ti gbọ́ pé ó ń dún bí igbá òfìfo, á ti pe mọlémọlé àgbà tó ṣì mọ amọ̀ pò kó tó bọ́ lọ́wọ́. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́, a kò sì lè fi àwọn tó kù ṣòfò.

Ohun tó sọnù lọ́wọ́ wa ní Èkìtì kì í ṣe kékeré. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924, ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London. Kò padà wálé mọ́. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdápadà ló ń gbóná lórí Twitter, ó sì yẹ kó gbóná. Ṣùgbọ́n òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òpó náà, fún ibi tí èèyàn ti ń jókòó, tí wọ́n ti ń kí ọba. Bí wọ́n bá dá a padà lọ́la, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo la ti ṣí sílẹ̀ dè é?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kọsẹ̀. Bí ilé tí ẹ fojú sí bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan tó ń gbé Àbújá kí ẹ sì rò pé ó ti parí. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ kedere nípa títa ilẹ̀ ẹbí: bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni, bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè lọ fagi lé e. Ẹ̀yin ò ra nǹkan kan, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ náà ló máa gbà yín. Ẹ lọ bá olórí ẹbí, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé obì dání, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn: ọdún mélòó, yàrá wo la lè ṣí, ta ló ń san owó iná, ta ló ni owó tí ilé bá pa, kí la máa ṣe lọ́jọ́ tí ẹbí bá fẹ́ ìsìnkú. Ojú ìwé méjì tó. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì ti fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC lábẹ́ Apá F òfin CAMA 2020, kí owó má bàa wà nínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ wà nínú àkáǹtì alága, ìjà ló máa kọ́kọ́ kọ́ kó tó kọ́ ilé.

Àwọn aṣòfin wa náà kò ní àwáwí. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ohun ìrántí, Àbújá ló ni ín. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, Àfikún Kejì, Apá Kejì, ìpínrọ̀ kẹta. Ó sọ pé àwọn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá yàn gẹ́gẹ́ bí ti orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìpínlẹ̀, ìyẹn ni tiwọn. Kò sí ohun tó dí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe òfin lórí àwọn yòókù. Àwọn yòókù yẹn ni gbogbo ilé tí mò ń sọ láti òkè wá. Ilé aṣòfin Èkìtì lè ṣe òfin kúkúrú kan tó ní kí wọ́n ka àwọn ilé náà, kí wọ́n sun owó ilé wọn síwájú fún onílé tó bá jẹ́ kí ará ìlú wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì wó wọn láìfi oṣù mẹ́ta ṣe ìkìlọ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní Ilẹ̀ Uyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ kò gbọ́dọ̀ máa dúró de ẹlòmíràn lórí ìyẹn.

Ní England, láti 1994 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án tí àwọn olùyọ̀ǹda á ṣílẹ̀kùn àwọn ilé àtijọ́ fún gbogbo èèyàn láìgba kọ́bọ̀. Àwa ò nílò láti wá ọjọ́ tuntun. Inú oṣù kẹjọ ni ọdún Udírókò máa ń bọ́ sí ní Adó, àwọn ọmọ Adó á wálé kí Ewì, ìlú á kún. Ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ilé mẹ́ta péré, kí fèrèsé wọn ṣí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀dọ́ méjì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí tábìlì kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà lè gbé fọ́tò àtijọ́ lé kí ẹ bá wọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí fóònù. Àmọ́ òjò á ti ń rọ̀ dáadáa nígbà yẹn, torí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ti gun òkè lọ wo páànù. Ẹni tó bá ti ní ilé kan lọ́kàn, kó lọ kí olórí ẹbí ibẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí.